Agbára Tó Dọ́gba: Ẹ̀kọ́ Inú Aago Tí A Ń Wáìn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá òru àti ọ̀sán, tí Ó fi oòrùn àti òṣùpá ṣe òǹkà ìgbà fún wa. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, lọ́dọọdún, bí oṣù Ṣáwàlù bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé wá bá mi. Arábìnrin kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ló béèrè rẹ̀ lọ́dún yìí. Nínú Rámádáánì, ó ka Alùkùráánì parí lẹ́ẹ̀méjì, ó ń dìde lóru, ó sì ń fi owó oúnjẹ ara rẹ̀ ṣe sàárà. Kò tíì tó ogún ọjọ́ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tí ìrun Àsùbáà fi di ohun tó ń fi tipátipá kí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé mùnáfíkì ni mí. Bóyá kí n kúkú fi í sílẹ̀, kí n má máa tan ara mi jẹ."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló bà mí lẹ́rù. Kí ara rẹ ẹni kì í ṣe nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn torí pé ó rẹ òun kó wá sọ pé òun kò ní ṣe mọ́, ibẹ̀ ni èṣù ti ń jèrè. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka èyí lónìí ló ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn yín, kódà bí ẹ kò bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a jọ ṣí ẹ̀yìn aago kan kí a wo inú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe aago ti bá irú ìṣòro yìí jà fún nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún, ohun tí wọ́n sì rí kọ́ níbẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́.

Mú aago ọwọ́ tí kò lo bátìrì. Nínú rẹ̀, agolo róbótó kékeré kan wà, inú agolo yìí ni wọ́n ká irin pẹlẹbẹ gígùn kan sí bí ìgbà tí a ká ẹní. Irin náà ni sípíríńgì. Bí o bá ń yí orí aago, tí àwa ń pè ní wáìn, ò ń ká irin yẹn mọ́ra ni. Bí o bá wá fi í sílẹ̀, irin náà á fẹ́ tú. Títú tó fẹ́ tú yẹn ni gbogbo agbára tí aago ní. Ó ń ti wíìlì eléyín kan, ìyẹn ń ti òmíràn, títí agbára fi dé ọ̀dọ̀ wíìlì kékeré kan tí kì í yí po, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń mì lọ tó ń mì bọ̀. Wíìlì tí ń mì yìí ló ń ka àkókò. Bí o bá gbé aago sétí, ìró tí o ń gbọ́ jẹ́ ìró ẹnu ọ̀nà tíńtínní kan tó ń ṣí tó ń tì láàárín agbára àti wíìlì náà. Nínú ọ̀pọ̀ aago àtijọ́, ó ń dún ní ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 18,000 ní wákàtí kan, àti 432,000 ní ọ̀sán kan àti òru kan.

Ọjọ́ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 86,400. Aago tó bá ń fi ìṣẹ́jú kan péré ṣì lójúmọ́ á ti ṣì ní ìdajì wákàtí kí oṣù tó pé. Ìwọ náà mọ ohun tí ìdajì wákàtí lè ṣe. Ó lè mú kí ènìyàn ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, ó sì lè mú kí ó kí ìrun kí àsìkò rẹ̀ tó wọlé.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Sípíríńgì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wáìn tán kún fún agbára, ó ń ti wíìlì gan-an. Bí wákàtí ti ń lọ, ó ń tú, agbára rẹ̀ ń dín kù. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tán, ó ń ti wíìlì bí ẹni tó ń sùn lọ. Èyí kì í ṣe àléébù tí ẹnì kan fi sí i. Bí Ọlọ́hun ṣe dá irin nìyẹn. Agbára ìparí irú sípíríńgì yìí kì í dà bí ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nínú àwọn aago ìgbà ìjímìjí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé aago á sáré nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wáìn ín, á wá máa fà nígbà tó bá yá. Kíyè sí i dáadáa: aago tó ń sáré ń purọ́, aago tó ń fà náà ń purọ́. Àpọ̀jù agbára ń ba òótọ́ aago jẹ́ gẹ́gẹ́ bí àìtó agbára ṣe ń bà á jẹ́. Ohun tí aago ń fẹ́ ni agbára tó dọ́gba, tó ń dé díẹ̀díẹ̀, bó ṣe dé lánàá ni kó dé lónìí.

Àwọn Mùsùlùmí ti mọ ìṣòro yìí kí aago onísípíríńgì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ìrun. Àwọn aago omi ni wọ́n ń lò nígbà náà. Omi ń jáde láti inú ìkòkò gba ihò kékeré, wọ́n á sì fi ìwọ̀n omi tó ti jáde mọ àkókò. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó kún ń tú omi jáde kíákíá, èyí tó ti ń gbẹ á máa sẹ̀ ní tó-tó-tó. Ìṣòro sípíríńgì náà ni, omi ló fi wọṣọ. Ní ọdún 1206, al-Jazari, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba àwọn Artuqid ní ìlú tí à ń pè ní Diyarbakır lónìí, ní ilẹ̀ Turkey, parí ìwé ńlá kan nípa ẹ̀rọ. Nínú aago omi rẹ̀ tó tóbi jù, kò jẹ́ kí omi inú ìkòkò ńlá jáde tààrà. Ó fi àwo kékeré kan sí àárín, ó sì fi ohun tó ń léfòó sí inú àwo náà. Bí omi bá ti kún dé ibi tó yẹ, ohun tó léfòó yẹn á dí ẹnu ẹ̀rọ omi. Bí omi bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, á tún ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí táǹkì omi wò rí, ẹ mọ bọ́ọ̀lù tó máa ń léfòó nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni. Báyìí, yálà ìkòkò ńlá kún tàbí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, omi inú àwo kékeré kì í lọ sókè, kì í lọ sódò. Inú àwo kékeré yìí ni omi tó ń ka àkókò ti ń jáde.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ńlá ní Íjíbítì àti Síríà ní ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣírò àsìkò ìrun. Muwaqqit ni wọ́n ń pè é. Ibn al-Shatir, onímọ̀ ìràwọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ni muwaqqit mọ́sálásí ńlá àwọn Umayyad ní Damascus ní nǹkan bí 650 ọdún sẹ́yìn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Taqi al-Din, ẹni tí wọ́n bí ní Damascus ní 1526, tó sì ṣiṣẹ́ ní Istanbul, kọ ìwé kan lórí àwọn aago ẹ̀rọ, èyí tí òkúta ń fà àti èyí tí sípíríńgì ń tì. Iṣẹ́ tí àwọn tó ṣíwájú wa nínú ẹ̀sìn fi ọwọ́ ara wọn ṣe nìyí, nítorí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́hun fi àsìkò sí ìrun, wọn kò sì fẹ́ fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tó ń ṣe aago onísípíríńgì wá ọ̀nà méjì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ wọ́pọ̀ ní Jámánì. Wọ́n fi irin líle kan há wíìlì mọ́, bíi bíréèkì, kó lè dá agbára dúró nígbà tí sípíríńgì bá kún. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo agbára tí bíréèkì bá jẹ, ó ṣòfò ni. Nígbà tó yá, wọ́n pa á tì. Ẹ̀yin àgbà mọ́sálásí, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí fún yín tìfẹ́tìfẹ́. Bí ọ̀dọ́ kan bá dé pẹ̀lú ìtara, tó fẹ́ gbá mọ́sálásí, tó fẹ́ pe ìrun, tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, tí iṣẹ́ wa kàn jẹ́ pé kí a máa sọ fún un pé "rọra, a ti rí irú yín rí," bíréèkì ni a fi sí i. Agbára tó yẹ kó wúlò ti ṣòfò, kò sì ní padà wá.

Ọ̀nà kejì ló pẹ́. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n gbẹ́ irin kan ní ìrísí òkòtó, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè tó fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n fa ilà yí i ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi okùn so ó pọ̀ mọ́ agolo sípíríńgì. Nígbà tó yá, wọ́n fi ṣéènì rọ́pò okùn, ṣéènì bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, àmọ́ tó kéré débi pé awò ni a fi ń rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ní ìlú Christchurch ní England, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń fi ọwọ́ to ṣéènì wọ̀nyí. Nígbà tí sípíríńgì bá kún fún agbára, orí òkòtó tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ṣéènì á máa fà, níbi tí fífà ti le. Bí agbára ti ń dín kù, ṣéènì á máa bọ́ sí ibi tó fẹ̀, níbi tí agbára kékeré ti lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá ti tú táyà mọ́tò rí mọ̀ ọ́n: bí nọ́ọ̀tì bá le, irin gígùn ni a ń wá. Bí ọwọ́ irin bá ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára díẹ̀ ti tó.

Arábìnrin mi, wo èyí dáadáa. Òkòtó kò bínú sí sípíríńgì pé agbára rẹ̀ dín kù. Ẹni tó ṣe aago ti mọ̀ pé yóò dín kù, ó sì ti pèsè ibi tó fẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ìwọ náà, kí lo pèsè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí yóò rẹ̀ ọ́? Ìrun pẹ̀lú jàmáà jẹ́ ibi tó fẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó ń pè ọ́ lórí fóònù ní Àsùbáà jẹ́ ibi tó fẹ̀. Ìyá tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ láìbínú jẹ́ ibi tó fẹ̀. Nígbà tí agbára wa bá kún, a lè dá nìkan dìde. Nígbà tó bá dín kù, a nílò ọwọ́ irin tó gùn. Ẹni tó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé agbára kékeré lọ, kò sì lè fa nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn kan tún ṣe ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n fi ìdènà kékeré kan sí agolo sípíríńgì, tí kò ní jẹ́ kí o wáìn ín dé òpin pátápátá, tí kò sì ní jẹ́ kó tú tán pátápátá. Àárín sípíríńgì nìkan ni wọ́n ń lò, nítorí pé agbára àárín ló dọ́gba jù. Èyí rán mi létí ìtàn àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n wá sí ilé Ànábì láti béèrè bí ìjọ́sìn rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n rò pé ti àwọn kò tó. Ọ̀kan ní òun yóò máa kírun ní gbogbo òru, èkejì ní òun yóò máa gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀kẹta ní òun kò ní fẹ́ ìyàwó. Ànábì kọ̀ ọ́ fún wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun tó bẹ̀rù Ọlọ́hun jù wọ́n lọ ń gba ààwẹ̀, òun sì ń jẹun, òun ń kírun, òun sì ń sùn, òun sì ń fẹ́ obìnrin. Ó fi ìdènà sí ìhà méjèèjì.

Níbi tí mo dàgbà sí ní Ìwó, bàbá mi ni ládàánì mọ́sálásí kékeré àdúgbò wa. Kí fóònù tó gbòde, aago ọwọ́ rẹ̀ tí a ń wáìn ló fi ń mọ àsìkò. Lẹ́yìn Àsùbáà, kó tó dìde lórí ẹní ìrun, á wáìn ín. Kì í wáìn ín lọ́sàn-án, kì í wáìn ín lálẹ́, bí mo bá sì fẹ́ bá a yí i ní ìrọ̀lẹ́, kì í gbà. Mo rò nígbà náà pé àṣà àgbà lásán ni. Nígbà tí mo dàgbà ni ẹnì kan tó ń tún aago ṣe sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Aago irú èyí lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 40 kó tó dúró. Bí o bá ń wáìn ín ní gbogbo wákàtí 24, ní àkókò kan náà, apá ibi tí agbára rẹ̀ ṣì dára nìkan lo ń lò, kì í dé ibi tí ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá tilẹ̀ ṣì, ìwọ̀n kan náà ni yóò máa ṣì lójoojúmọ́, wà á sì lè tún un ṣe. Bàbá mi mọ iye tí aago rẹ̀ fi ń fà. Bí rédíò bá lu wákàtí, á wò ó, á sún ọwọ́ aago díẹ̀, ó tán. N kò rí i kó bínú sí aago náà rí, tàbí kó sọ pé nítorí pé ó fà, òun yóò jù ú nù.

Bí ìronúpìwàdà ṣe yẹ kó rí nínú ilé wa nìyẹn. Kò sí aago tí kì í ṣì, kò sì sí ọmọ Ádámọ̀ tí kì í ṣe àṣìṣe. A ń wo ohun tó jẹ́ òótọ́, a ń sún ara wa padà sí i, a sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Mo fẹ́ sọ nípa aago kan sí i, nítorí pé òun ló jọ ìgbésí ayé wa jù. Ní 1714, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé àwọn yóò san owó tó tó £20,000 fún ẹni tó bá lè jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi mọ ibi tó wà lórí òkun, láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Aago tó péye lè ṣe é, nítorí pé ayé ń yí ní ìwọ̀n 15 nínú 360 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá mọ aago ilé nígbà tó wà lórí òkun lè ṣírò bó ṣe jìnnà sí ilé tó. Àmọ́ aago tó bá ṣì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lè gbé ọkọ̀ kọlu àpáta. John Harrison, ọmọ káfíńtà tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Aago rẹ̀ kẹrin, tó parí ní 1759, fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13.

Ohun méjì ló wà nínú aago Harrison tí mo fẹ́ kí o gbé lọ. Èkíní ni pé kò jẹ́ kí sípíríńgì ńlá ti wíìlì tí ń mì tààrà. Ó fi sípíríńgì kékeré kan sí àárín. Ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 7 àti ààbọ̀, sípíríńgì ńlá á wáìn kékeré yìí, kékeré yìí ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí kékeré náà tó ráyè rẹ̀, wọ́n ti tún un wáìn. Ọgbọ́n àwo omi al-Jazari náà ni, irin ló fi ṣe é.

Èkejì ni pé nígbà tí ènìyàn bá ń wáìn aago olókòtó, ó ń fa ṣéènì padà sẹ́yìn ni, agbára kì í dé ọ̀dọ̀ wíìlì lásìkò yẹn, aago lè dúró. Harrison fi sípíríńgì mìíràn síbẹ̀ tó ń ti aago lọ nígbà tí a bá ń wáìn ín lọ́wọ́. Nítorí náà, gbígba agbára kò dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé aago náà lọ sí Jàmáíkà ní 1761 sí 1762, lẹ́yìn ọjọ́ 81, ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré dín, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò ìwọ̀n tó máa ń fi ṣì lójúmọ́. Aago yìí náà ń ṣì. Ohun tó jẹ́ kó wúlò ni pé ìṣìnà rẹ̀ dọ́gba.

Ní 2007, ilé iṣẹ́ A. Lange & Söhne ní Jámánì gbé aago ọwọ́ kan jáde tí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń wáìn ín fún ọjọ́ 31. Sípíríńgì méjì ló wà nínú rẹ̀, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2. Síbẹ̀, gbogbo agbára oṣù kan yẹn kì í dà lu wíìlì pọ̀. Sípíríńgì kékeré kan ló ń gbà á, ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 10, díẹ̀díẹ̀, títí oṣù á fi pé.

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ ti rí i? Rámádáánì ni sípíríńgì ńlá. Oṣù kan gbáko ni Ọlọ́hun fi ń wáìn wa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá tí agbára Rámádáánì lè máa tì tààrà fún oṣù mọ́kànlá, àgàgà tí kò bá sí ohunkóhun láàárín. Nítorí náà ni ìrun márùn-ún fi wà: Àsùbáà, Àyìlà, Àlàásàrì, Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì. Kí ó tó rẹ̀ ọ́ tán, òmíràn ti dé. Iṣẹ́ ìrun kan kò pọ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni? Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó wáìn ọ. Ẹni tó bá ní nítorí pé òun kò lè dìde lóru mọ́ bíi ti Rámádáánì, kí òun kúkú fi Àsùbáà náà sílẹ̀, ó dà bí ẹni tó rí i pé sípíríńgì ńlá ti ń tú, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ sípíríńgì kékeré jù nù. Èyí tó ṣẹ́ kù gan-an ló jù nù.

Mo wá sí ọ̀rọ̀ mùnáfíkì. Sàábé kan wà tó ń jẹ́ Hanzala, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Ànábì kọ̀wé. Ó pàdé Abu Bakr lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti di mùnáfíkì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àwọn bá wà lọ́dọ̀ Ànábì, ó dà bíi pé àwọn ń fi ojú rí ọ̀run, bí àwọn bá sì padà sí ọ̀dọ̀ ìyàwó àti ọmọ àti oko, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á fò lọ lórí àwọn. Kí ni Abu Bakr, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀, sọ? Ó ní bó ṣe ń ṣe òun náà nìyẹn. Àwọn méjèèjì lọ bá Ànábì. Kò bá wọn wí. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá lè máa wà nínú ipò yẹn títí láé, àwọn málàíkà ni ì bá máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lórí ibùsùn àti lójú ọ̀nà. Pé ìgbà kan yàtọ̀ sí ìgbà kejì. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó lò fún ìgbà níbẹ̀, sāʿa, òun náà ni àwọn Lárúbáwá ń pe aago lónìí.

Arábìnrin mi, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Kí agbára dín kù lẹ́yìn Rámádáánì kì í ṣe ẹ̀rí pé irọ́ ni Rámádáánì rẹ. Ó ṣẹlẹ̀ sí Hanzala, ó ṣẹlẹ̀ sí Abu Bakr. Ìbẹ̀rù tí o ní pé o ti di mùnáfíkì gan-an fi hàn pé nǹkan kan ṣì ń mì nínú rẹ. Aago tó ti kú kì í béèrè bóyá òun ń fà.

Kí ni kí a wá ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, mú ìrun márààrún ní àsìkò rẹ̀, kódà bí ọkàn rẹ kò bá sí níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Má dúró de ìgbà tí ìtara yóò padà kí o tó kírun. Ìrun ló ń mú ìtara padà. Ìkejì, yan iṣẹ́ kékeré kan tí o lè ṣe lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà, bí bàbá mi ṣe ń wáìn aago: ojú ìwé Alùkùráánì kan lẹ́yìn Àsùbáà, tàbí rákà méjì kí o tó sùn. Gbogbo wa la mọ ẹ̀kọ́ Ànábì pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tó bá ń lọ déédéé, bó tilẹ̀ kéré. Ìkẹta, má dúró nígbà tí o bá ń gba agbára. Bí o bá ń kàwé ìdánwò, tàbí o ń tọ́jú ọmọ tuntun, tàbí o ń ṣàìsàn, mú ìwọ̀n tó o lè mú, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí aago dúró pátápátá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi gbogbo agbára tì àwọn ọmọ yín ní oṣù kan, kí ẹ sì gbàgbé wọn ní oṣù mọ́kànlá. Ọmọ tí a fi pàṣán lé lọ sí táràwíì, tí kò rí bàbá rẹ̀ kó kí Ìṣáì nínú ilé lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹ ti fún un ní ìdí láti rò pé eré oṣù kan ni ẹ̀sìn. Ọmọ tó bá sì ń rí i lójoojúmọ́ pé, bí àsìkò bá ti tó, bàbá á dá ọ̀rọ̀ dúró, ìyá á gbé omi àlùwàlá, ọmọ yẹn ń gba agbára láìsí ariwo kankan. Nígbà tí ó bá dàgbà, tí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Ọlọ́hun fi àsìkò búra nínú Alùkùráánì, Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé inú òfò ni ènìyàn wà, àfi àwọn tó gbàgbọ́, tí wọ́n ń ṣe rere, tí wọ́n sì ń gba ara wọn níyànjú lórí òdodo àti sùúrù. Ẹ gba ara yín níyànjú lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ pe ẹnì kan tí ẹ kò rí ní mọ́sálásí láti ìgbà ọdún, ẹ má sì bi í pé kí ló dé tí kò wá. Ẹ kàn sọ fún un pé Àlàásàrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, kí ẹ jọ lọ.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí Ó ń yí ọkàn padà, fi ọkàn wa rinlẹ̀ lórí ẹ̀sìn Rẹ. Má jẹ́ kí agbára wa pọ̀ jù débi tí a ó fi ṣe àṣejù, má sì jẹ́ kó tán débi tí a ó fi dúró. Gba ààwẹ̀ wa, fi orí ìṣìnà wa jìn wá, kí O sì jẹ́ kí ìrun wa ìkẹyìn bá wa ní àsìkò rẹ̀. Àmín.